Kí Aboyún Tó Mu Àgbo: Ọ̀rọ̀ Lórí Àyẹ̀wò HIV

 

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé lórí ewúro àti efinrin nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti pè mí pé kí n wá kọ ti abíwẹ́rẹ́, kí àwọn ọmọbìnrin wa tó wà nílùú òyìnbó lè mọ ohun tí àwọn ìyá wa ń lò kí ọmọ tó dé wẹ́rẹ́. Màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣíwájú àgbo aboyún, òun ni mo fẹ́ kí á sọ. Ohun náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kòkòrò HIV, èyí tó máa ń di àrùn éèdì bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti rí orúkọ yìí, wọn yóò fẹ́ ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ohun tó ṣe mí ní 1997

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Ní ọdún 1997, mo lóyún àbígbẹ̀yìn mi níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin òyìnbó kan tó ṣíwájú mi. Nígbà tó kàn mí, ó wo orúkọ mi, ó bi mí pé orílẹ̀-èdè wo ni mo ti wá, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò HIV. Inú bí mi. Mo ní, “Ṣé alágbèrè lẹ rí mi sí ni? Ilé ọkọ mi ni mo wà.” Mo kọ̀, n kò ṣe é. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo bá obìnrin òyìnbó yẹn níbẹ̀, mo bi í bóyá wọ́n bi òun náà. Ó ní rárá. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi bú nọ́ọ̀sì náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Orí ló yọ mí. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, n kò ní kòkòrò náà lára, ọmọ mi sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà sí i, mo rí i pé ibi tí kò yẹ ni mo gbé ìbínú mi kà. Ó yẹ kí n bínú pé wọn kò bi obìnrin òyìnbó yẹn. Kò yẹ kí n bínú pé wọ́n bi èmi. Kòkòrò yìí kì í ka orúkọ, kì í sì í béèrè bóyá ilé ọkọ ni obìnrin wà. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó kó o, ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ láyé wọn.

Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kò dára. Ní ọdún 1999, wọ́n yí ètò náà padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé gbogbo aboyún, dúdú àti funfun, olówó àti tálákà, ni kí wọ́n máa fi àyẹ̀wò HIV lọ̀. Lónìí, nínú 100 aboyún tí wọ́n bá fi lọ̀, ó lé ní 99 tó ń ṣe é. Nítorí náà, bí agbẹ̀bí bá bi ọmọ yín, kì í ṣe pé wọ́n fura sí i. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń bi.

Ìyá kan, ọmọ méjì

Ní ọdún 2004, obìnrin kan nínú àwọn ọmọ ilé wa wá bá mi. Oyún rẹ̀ ti tó oṣù méje. Kò ní ìwé ìgbélùú, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá lọ sí ilé ìwòsàn wọn yóò béèrè owó tàbí kí wọ́n fa òun lé ìjọba lọ́wọ́. Ó ní kí n fún òun ní àgbo. Mo se é fún un. Mo wẹ̀ ẹ́, a bọ Ọ̀ṣun, a fi omi tútù ṣe ìwúre. N kò bi í bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò kankan. Kódà, mo yìn ín pé ó di ọ̀nà àwọn ìyá rẹ̀ mú.

Nígbà tí ìrọbí mú un, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n bi í bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò HIV. Ó ní òun ti ṣe é. Irọ́ ni, ìbẹ̀rù ló sún un dé ibẹ̀. Ó bí ọmọkùnrin kan wẹ́rẹ́, gbogbo wa dúpẹ́, ó sì gbé e lọ sílé, ó ń fún un lọ́yàn. Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́rin, ikọ́ àti òtútù àyà dé, kò lè mí dáadáa mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun àti ti ìyá rẹ̀ wò. Àwọn méjèèjì ló ní kòkòrò HIV.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọn kò kú. Ọmọ náà ti di géńdé báyìí, ó ń lo oògùn lójoojúmọ́, ara rẹ̀ le, ó ga jù mí lọ. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń gbé oògùn mì, yóò sì máa lò ó lọ. N kò lè gbàgbé pé ọwọ́ mi ni ìyá rẹ̀ wà fún oṣù méjì gbáko, mo sì ní ẹnu tí mo lè fi béèrè.

Ní ọdún 2013, obìnrin yìí kan náà tún lóyún. Ìgbà yìí a mọ̀. Ó ti ń lo oògùn, àwọn dókítà ń ṣọ́ ọ, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré débi pé ẹ̀rọ kò rí i mọ́. Ó fúnra rẹ̀ bí ọmọ náà, wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Obìnrin ni ọmọ náà, kò sì ní kòkòrò kankan lára. Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ọ̀ṣun kan náà ló ń bọ. Èmi kan náà ló wẹ̀ ẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nígbà kejì a mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ìyá náà àti ọmọkùnrin rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síbí, bí n kò bá ti dárúkọ.

Kí ni àyẹ̀wò náà ń wò?

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà láti apá. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n fi ń wo HIV, sífílíìsì, àti kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè ti ara ìyá dé ara ọmọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní ohun tí a lè ṣe kí ó má dé ibẹ̀. Ó dára kí aboyún ti forúkọ sílẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 10, kí àyè lè wà láti ṣe ohun tó bá yẹ.

Nígbà tí HIV bá wọ ara, ara a máa kó ọmọ ogun jọ láti bá a jà. Àyẹ̀wò ilé ìwòsàn máa ń wá àwọn ọmọ ogun yẹn, ó sì máa ń wá apá kan lára kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara kì í kó ogun jọ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá kó kòkòrò náà lánàá, àyẹ̀wò tòní lè sọ pé kò sí. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ní kí á ka ọjọ́ 45 láti ìgbà tí nǹkan ìfura ṣẹlẹ̀ kí á tó gba èsì náà gbọ́ pátápátá. Àyẹ̀wò kékeré tí à ń ṣe fúnra wa nílé, tí a fi ń gún ìka, ní tirẹ̀ ń fẹ́ ọjọ́ 90.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹ̀jẹ̀ bá mọ́ ní oṣù kẹta oyún, kò ní kí ó má yí padà ní oṣù keje. Bí ọkọ bá ní obìnrin mìíràn níta, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi jíjìn dé, ẹ sọ fún agbẹ̀bí kí ó tún àyẹ̀wò náà ṣe. Kí ọkọ náà sì lọ ṣe tirẹ̀. Èsì ìyàwó kì í ṣe èsì ọkọ.

Ẹni tó bá sọ pé òun kò ṣe é, wọn kò ní fi ipá mú un. Wọn yóò tún pè é kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20 láti tún bá a sọ ọ́. Kódà ẹni tí ìrọbí ti mú, tí kò sì tí ì ṣe é rí, ó ṣì lè ṣe é lójú ẹsẹ̀. Kò tíì pẹ́ jù nígbà yẹn.

Bí èsì bá ní kòkòrò náà wà ńkọ́?

Ìbẹ̀rù èsì yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ sá. Ní ọdún 1985 tí àyẹ̀wò náà kọ́kọ́ jáde, mo gbà pé ìbẹ̀rù náà nídìí, nítorí pé wọ́n á sọ fún ènìyàn pé ó ní àrùn, wọn kò sì ní nǹkan kan láti fún un. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1994, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Faransé fi hàn pé bí aboyún bá lo oògùn AZT, tí wọ́n sì fún ọmọ náà lẹ́yìn ìbí, iye ọmọ tó ń kó kòkòrò náà yóò dín kù láti nǹkan bíi 25 nínú 100 sí nǹkan bíi 8. Oògùn kan ṣoṣo nìyẹn. Lónìí tí oògùn ti dára sí i, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, nínú 200 ọmọ tí ìyá tí wọ́n mọ̀ pé ó ní HIV bá bí, kò pé ẹyọ kan tó ń kó o.

Ìyá yóò máa lo oògùn lójoojúmọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí oṣù ìkúnlẹ̀ ti ń sún mọ́, ó lè fúnra rẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ bí ẹlòmíràn. Ọmọ náà yóò lo oògùn olómi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí pé àwọn ọmọ ogun ara ìyá máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, àyẹ̀wò ti ọmọ yàtọ̀: wọ́n máa ń wá kòkòrò náà gan-an, lẹ́yìn ìbí, ní ọ̀sẹ̀ 6 àti ní ọ̀sẹ̀ 12, kí wọ́n tó wá fi òpin sí i nígbà tó bá fẹ́ pé ọmọ ọdún 2. Ẹni tí kòkòrò rẹ̀ ti rọlẹ̀ báyìí kò tún lè kó o ran ọkọ tàbí aya nípa ìbálòpọ̀. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2016 àti 2019 ti fìdí èyí múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmú ló le jù nínú ilé Yorùbá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ràn ni pé wàrà inú ike ni kí ọmọ náà máa mu, nítorí ìyẹn nìkan ni kò ní ewu rárá. Bí ìyá tí ẹ̀rọ kò rí kòkòrò rẹ̀ bá sọ pé òun fẹ́ fún ọmọ lọ́yàn, wọn yóò tì í lẹ́yìn, wọn yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ òun àti ọmọ wò lóṣooṣù. Ní Nàìjíríà ìmọ̀ràn yàtọ̀. Níbẹ̀, oògùn àti ọmú ni wọ́n ní kí ó lọ papọ̀, nítorí omi tí kò mọ́ lè tètè pa ọmọ. Ìyá ọkọ tó bá ti ilé wá wẹ ọmọ kò mọ gbogbo èyí. Yóò máa béèrè pé, “Kí ló dé tí o kò fún ọmọ lọ́yàn?” Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí ike lẹ́nu ọmọ, ẹ má ṣe ìwádìí. Ẹ wẹ ọmọ yín, ẹ gbé e pọ̀n, ẹ máa kì í.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Láti oṣù kẹwàá ọdún 2012, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò HIV àti oògùn rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo ènìyàn, ó ní ìwé ni o, kò ní ìwé ni o. Ìtọ́jú oyún fúnra rẹ̀ lè ní owó fún ẹni tí kò ní ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ lé aboyún padà nítorí owó.

Ewé àti oògùn HIV

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń kó ewé dànù. Ewé ló tọ́ mi, ewé ni mo fi tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sí ewé kan tí mo mọ̀ tó lè lé HIV jáde nínú ara, ẹni tó bá sì ní òun ní in, owó yín ló ń wò. Má ṣe dá oògùn dókítà dúró nítorí àgbo, nítorí ẹbọ, tàbí nítorí pé ara ti le. Bí a bá dá a dúró, kòkòrò náà yóò tún gbérí.

Ewé tó dára pàápàá lè ba oògùn jẹ́. Ewé òyìnbó kan wà tí wọ́n ń pè ní St John’s wort, tí wọ́n ń tà fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé ó ń mú kí ara tètè fọ́ oògùn HIV kan, indinavir, dànù, tó fi jẹ́ pé ohun tó ń kù nínú ẹ̀jẹ̀ kò tó ìdajì. Ní ọdún 2001, wọ́n rí i pé oògùn oníhóró tí wọ́n fi aáyù ṣe dín saquinavir kù ní ìdajì. Àwọn oògùn méjèèjì yẹn kò wọ́pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kìlọ̀ nípa St John’s wort títí dòní. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí ewé tí òyìnbó ti yẹ̀ wò bá lè ṣe èyí, ta ló mọ ohun tí egbò inú àgbo wa, tí ẹnì kankan kò tíì yẹ̀ wò, lè ṣe?

Ohun tí aboyún ń lò lójoojúmọ́ pàápàá ń fẹ́ ìṣọ́ra. Dolutegravir jẹ́ ọ̀kan nínú oògùn HIV tó wọ́pọ̀ lónìí. Bí aboyún bá lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú tàbí oògùn eegun tó ní kálísíọ́mù pọ̀ mọ́ ọn lórí ikùn òfo, dolutegravir kò ní wọ ara dáadáa. Kí ó lò ó ní wákàtí 2 ṣáájú wọn, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn, tàbí kí ó lo gbogbo rẹ̀ papọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ bi olùtajà oògùn, wọn yóò ṣàlàyé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti abẹ pẹ̀lú. Yálà gbẹ́rẹ́ ni, yálà orí ìyàwó òrìṣà ni à ń fá, abẹ tuntun kan fún ẹni kan. A kì í fi omi ṣan abẹ fún ẹni kejì, ìyá àti ọmọ ni wọ́n ìbáà jẹ́. Hepatitis B àti HIV, àwọn méjèèjì ló lè gba ojú abẹ kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àrùn ara ọkùnrin ni wọ́n fi ń mọ éèdì. Ọdún 1993 ni Amẹ́ríkà tó fi jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kún àwọn àmì rẹ̀. Títí dòní, obìnrin tí kò lóyún, ẹnikẹ́ni lè má bi í. Opó tó tún fẹ́ ọkọ, ìyá ẹni 60 ọdún tó ń rù, tí ìgbóná ń mú u lóru, wọn yóò ní ọjọ́ orí ni. Ẹ fi ẹnu ara yín béèrè àyẹ̀wò náà lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn àgbàlagbà tó bá dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, tí wọ́n bá ti fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn, àfi bí ẹni náà bá kọ̀. Obìnrin tó bá sì ní HIV, ọdọọdún ni kí ó máa yẹ ẹnu ilé ọmọ wò, kí ó má jẹ́ kí ó fò.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí

Nínú ẹ̀sìn wa, babaláwo kì í sọ pé kí á rú ẹbọ kó tó dá Ifá. A ní láti béèrè kí á tó mọ ohun tí a ó ṣe. Kí ló wá dé tí èmi fi ń se àgbo fún aboyún ní 2004 láì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Láti ìgbà náà, bí aboyún bá wá sí ọ̀dọ̀ mi, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í. Ṣé o ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí? Ṣé wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ? Oògùn wo lò ń lò? N kì í béèrè èsì rẹ̀, ìyẹn wà láàárín òun àti dókítà rẹ̀. Bí kò bá tíì lọ, mo máa ń wọ bàtà mi, mo máa ń bá a lọ. Bí ó bá ń lo oògùn kankan, n kì í fún un ní ohun mímu. Mo máa ń fi odundun, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin wẹ orí rẹ̀, a máa ń bọ Ọ̀ṣun, a máa ń ṣe ìwúre. Ìyẹn kò bá oògùn jà.

Bí àwọn yòókù wa tó ń se àgbo bá lè máa béèrè ìbéèrè mẹ́ta yìí, màá fi ayọ̀ kọ ti abíwẹ́rẹ́ nígbà mìíràn.

Ọ̀ṣun yóò tọ́jú inú àwọn aboyún wa. Wọn yóò gbóhùn ìyá, wọn yóò gbóhùn ọmọ. Àwọn tó ń lo oògùn, oògùn yóò jẹ́ fún wọn. A kò ní fi ìtìjú sin ọmọ. Àṣẹ.